Ìwọ̀n Ẹ̀jẹ̀ àti Ẹnu Ìyá: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Àròsọ Àwọn Obìnrin Hàwáì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ní àríyànjiyàn nínú níbi tí baba àti ìyá bá ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ní àwọn erékùṣù Hàwáì, láàárín gbùngbùn òkun Pàsífíìkì, níbi tí ará Ṣáínà, ará Japan, ará Pọ́túgà, ará Filipínì àti òyìnbó Amẹ́ríkà ti wá bá onílẹ̀ gbé fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí wọ́n fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì bímọ fún ara wọn, ọmọ lè jọ ṣòkòtò tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ará àdúgbò yóò fi máa wò ó yíká pé níbo ni kíjìpá wà. Ta ni ọmọ Hàwáì, ta sì ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn pé òun ni tàbí òun kọ́? Ìbéèrè yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ erékùṣù náà ti ń yí sọ́tùn-ún yí sósì láti bí àádọ́ta ọdún wá. Ohun tí ó sì gba àkíyèsí ni pé, bí wọ́n bá ti ń fẹ́ dé ìdí rẹ̀, wọn kì í gbé e lọ sí kóòtù tàbí sí ilé ìjọba, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé e lọ, níbi tí ìyá àti ọmọbìnrin ti jókòó ti ara wọn, tí ẹnì kan nínú wọn kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìwé tí ó tún ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ láìpẹ́ yìí ni Hula, èyí tí Jasmin Iolani Hakes, ọmọ tí a bí tí a sì tọ́ ní ìlú Hilo, gbé jáde ní 2023. Ìtàn ìdílé Naupaka ni, ìdílé tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Hilo nítorí ijó hula. Hulali ni ìyá àgbà, abẹnugan tí ìlú ń wárí fún. Laka ni ọmọ rẹ̀, tí a fi orúkọ òrìṣà ijó sọ. Hiʻi sì ni ọmọ tí Laka gbé wálé, ọmọ aláwọ̀ pupa onírun pupa, tí ìyá àgbà kò fi ojú kàn, tí ìyá rẹ̀ kò sì dárúkọ baba rẹ̀ fún rí. Ọmọ náà wá rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá lè jó débi pé a dé òun ládé nínú ìdíje ńlá tí ìlú ń ṣe lọ́dọọdún, kò sí ẹni tí yóò tún bi òun pé ọmọ ta ni òun í ṣe. Lórí èrò yìí ni gbogbo ìwé náà dúró, èrò náà kò sì yé ẹni tí kò bá mọ bí ìlú náà ṣe dé ibi tí àwọ̀ ara ọmọdé kan fi lè dá ìjà sílẹ̀.

Òṣùwọ̀n méjì ni ó wà ní Hàwáì fún mímọ ọmọ onílẹ̀: àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ni èkíní, àwọn tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n sì ni èkejì. Èkíní ni moʻokūʻauhau, ìlà ìran tí a ń fi ohùn kì láti ẹnu dé ẹnu. Kumulipo, orin ìṣẹ̀dá tí ìlà rẹ̀ ju 2,000 lọ, bẹ̀rẹ̀ láti inú òkùnkùn biribiri; ó ka iyùn inú òkun, ó ka ẹja, ó ka ẹyẹ, ó ka òrìṣà àti ènìyàn, títí ó fi dé orí ọmọ ìjòyè tí a bí, tí a ń torí rẹ̀ kọ ọ́. Nínú ìrònú yìí, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá ti rí ibi tí ó so mọ́ lára okùn náà, ọmọ Hàwáì ni, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ni ó gbé baba rẹ̀ wá. Nítorí pé okùn kì í kúrú nítorí pé a so okùn mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń ki ọmọ ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbi tí a dé yìí.

Inú òfin ni òṣùwọ̀n kejì ti jáde, ìtàn rẹ̀ kò sì dùn ún gbọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1893, àwọn oníṣòwò àti àwọn tí oko ìrèké wà lọ́wọ́ wọn, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí Honolulu láti gbè wọ́n lẹ́yìn, rọ̀ Ọbabìnrin Liliʻuokalani lóyè. Ní 1896 wọ́n ṣòfin pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní 1897 ó ju 21,000 ènìyàn lọ tí ó fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ kí a so ilẹ̀ àwọn mọ́ Amẹ́ríkà. Nígbà tí yóò fi di 1898, wọ́n ti so ó mọ́ ọn. Àrùn tí àlejò gbé wá sì ti pa onílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà ìkànìyàn 1896, àwọn tí ó jẹ́ ògidì Hàwáì àti àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ àlejò lára, bí a bá dà wọ́n pọ̀, kò ju bí 40,000 lọ.

Nígbà tí Ọmọọba Jonah Kūhiō Kalanianaʻole, aṣojú Hàwáì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Washington, rí i pé àwọn ènìyàn òun ń rá mọ́ inú ìgboro láìní ilẹ̀ tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ kí a yọ ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn. Òfin náà jáde ní 1921: nǹkan bí 200,000 éékà, tí ẹni tí ó bá tọ́ sí yóò gbà fún ọdún 99, tí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ju dọ́là kan lọ lọ́dún. Ìjà wà lórí ẹni tí ó tọ́ sí. Kūhiō fẹ́ kí ìdá kan nínú 32 ẹ̀jẹ̀ tó. Àwọn olóko ìrèké, tí àdéhùn wọn lórí ilẹ̀ ìjọba ń parí lọ, tí ojú wọn kò sì kúrò lára ilẹ̀ ọlọ́ràá, kò fẹ́ kí àwọn tí yóò béèrè pọ̀. Ìdajì ni òfin dúró lé, ilẹ̀ ìrèké tí ó dára jù lọ kò sì sí nínú èyí tí a yọ.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo iṣẹ́ tí ìdajì yìí ń ṣe nínú ilé. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì, tí ó bá fẹ́ àlejò, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe tí a ṣe sí òfin lẹ́yìn náà, lè jogún ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti gbà, ṣùgbọ́n kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ béèrè. Bí òun náà bá sì fẹ́ àlejò, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ọmọ tirẹ̀, ìwé ìjọba kò sì rí onítọ̀hún mọ́. Báyìí ni ìfẹ́ ọmọbìnrin ṣe di ìṣirò, tí ìyá fi ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń wò lójú rẹ̀. Àwọn tí ó sì tọ́ sí ilẹ̀ náà kò rí i gbà bọ̀rọ̀: orúkọ tí ó ju 20,000 lọ wà nínú ìwé àwọn tí ó ń dúró, ọ̀pọ̀ ni ó sì ti kú sẹ́nu ìdúró náà. Ìlà ìran ń gùn sí i bí a ti ń bímọ, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ń dín kù sí i bí a ti ń bímọ. Inú agbedeméjì àwọn méjèèjì ni ìtàn àròsọ Hàwáì ti rí ilé kọ́.

Ohun kan tún wà tí òfin kò lè kà rárá, èyíinì ni hānai, àṣà gbígba ọmọ tọ́. Ní ayé àtijọ́, àkọ́bí obìnrin tọ́ sí àwọn òbí ìyá rẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin sì tọ́ sí àwọn òbí baba rẹ̀, a kì í sì í pa orísun ọmọ mọ́ fún un. Liliʻuokalani fúnra rẹ̀, tí a bí ní 1838, kò dàgbà lọ́dọ̀ ìyá tí ó bí i. Konia àti ọkọ rẹ̀ Pākī ni ó gbà á tọ́, ó sì sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1898 pé àwọn ni òun mọ̀ sí òbí. Nígbà tí wọ́n há ọbabìnrin yìí mọ́ inú ààfin rẹ̀ ní 1895, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó gbé dání ni títúmọ̀ Kumulipo, tí a tẹ̀ jáde ní 1897. Ọmọ àgbàtọ́ ni ó tipa bẹ́ẹ̀ bá gbogbo ìran pa ìlà ìran mọ́. Bákan náà ni ti Mary Kawena Pukui, tí a bí ní 1895, tí baba rẹ̀ jẹ́ òyìnbó láti ìlú Salem ní Massachusetts. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó gbà á tọ́ ní ẹkùn Kaʻū, obìnrin tí ó ti jó hula rí ní ààfin Ọbabìnrin Emma. Ohun tí ìyá àgbà náà kó sí i létí kí ó tó kú ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ tí Pukui fi bá Samuel Elbert ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Hàwáì tí ó jáde ní 1957. Ìdajì ni lójú òfin. Lójú èdè Hàwáì, taa ni ó pé tó o?

Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé ara wọn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Kamehameha ṣí ní 1887 láti inú ogún Bernice Pauahi Bishop, ọmọ bíbí Pākī àti Konia, arábìnrin Liliʻuokalani nípa àgbàtọ́. Òun alára, ọ̀dọ̀ Kīnaʻu ni a kọ́kọ́ gbé e lọ tọ́. Ọmọ Hàwáì ni ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń gbà. Ní 2003, ọmọkùnrin kan wọlé, a sì tún ní kí ó má wá mọ́, nítorí pé a kò bí ìyá rẹ̀ sínú ìdílé Hàwáì tí ó fi ń jẹ́rìí, wọ́n gbà á tọ́ níbẹ̀ ni. Ẹjọ́ dé kóòtù, wọ́n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé ọmọ náà yóò máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó ká ni lára níbẹ̀ ni pé obìnrin tí ó fi ogún rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ti jẹ́ ọmọ àgbàtọ́ rí. Síbẹ̀, bí a bá ní kí gbogbo ẹni tí a gbà tọ́ wọlé, ayé tí ó ti gba ilẹ̀, tí ó gba ìtẹ́, kò ní fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn yóò sá; àwọn tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà kò ṣàdédé di òǹrorò.

Láti inú gbogbo èyí ni àwọn òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀. John Dominis Holt, tí ó kọ àròkọ On Being Hawaiian ní 1964, nígbà tí ojú ń ti ọ̀pọ̀ láti pe ara wọn ní ọmọ Hàwáì, gbé ìtàn àròsọ rẹ̀ Waimea Summer jáde ní 1976. Ọmọkùnrin ni ó wà láàárín ìtàn náà, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti onílẹ̀ pọ̀ lára rẹ̀, tí ó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní Waimea, tí ẹ̀rù ohun àtijọ́ sì ń bà á bí ó ti ń fà á mọ́ra. Ìwé dáradára ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkùnrin ni ó gbà: ó béèrè ohun tí ọmọ rò nípa ara rẹ̀, kò béèrè ẹni tí ó ń gba ọmọ wọlé.

Kiana Davenport ni ó gbé ìbéèrè náà fún àwọn obìnrin. Nínú Shark Dialogues, tí ó jáde ní 1994, Pono ni ìyá àgbà, aríran, olóko kọfí ní erékùṣù ńlá, obìnrin tí ojú rẹ̀ ń da jìnnìjìnnì bo ènìyàn. Ọmọ-ọmọ mẹ́rin ni ó ní, gbogbo wọn obìnrin, baba ọ̀kan jẹ́ òyìnbó, ti èkejì ará Japan, ti ẹ̀kẹta ará Ṣáínà, ti ẹ̀kẹrin ará Filipínì. Òǹkọ̀wé náà sì mọ̀ọ́mọ̀ tò wọ́n bẹ́ẹ̀, kí odidi Hàwáì lè jókòó yí tábìlì ìyá àgbà kan ká. Ohun tí Pono fi pamọ́ fún wọn ni baba àgbà wọn, tí ẹ̀tẹ̀ mú, tí a gbé lọ sí Kalaupapa ní erékùṣù Molokaʻi. Kalaupapa kì í ṣe àròsọ: láti 1866 ni a ti ń kó àwọn adẹ́tẹ̀ lọ síbẹ̀, nǹkan bí 8,000 ènìyàn ni a kó lọ, títí di 1969 ni òfin tí a fi ń kó wọn lọ sì wà. Àléébù ìwé yìí ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún àkúnya. Ìgbà mìíràn wà tí Pono fi jọ òrìṣà ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìyá lè gé ìlà ìran gan-an bí òfin ṣe ń gé e.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e mú apá tiwọn. Nínú The Descendants ti Kaui Hart Hemmings, tí ó jáde ní 2007, ìyá dùbúlẹ̀ láìmọ ara rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, baba tí ìran ọmọọbabìnrin Hàwáì kan fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún sì ń wá bí yóò ṣe bá ọmọbìnrin méjì sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń pinnu bóyá kí ilẹ̀ náà di títà. Ibi tí ẹnu ìyá ti pa mọ́, owó ni ó ń fẹ́ sọ̀rọ̀. Nínú Sharks in the Time of Saviors ti Kawai Strong Washburn, ní 2020, gbogbo ẹbí yí ojú sí ọmọkùnrin kan tí a gbà pé àwọn òrìṣà yàn, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Kaui, fi lọ ń wá ọ̀nà tirẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Àìlówó ni ó lé wọn káàkiri. Kí a sì ka èyí sí ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹni tí kò rí ilé gbé ní Hàwáì kò ní rí ààyè kọ́ ọmọ ní ìlà ìran Hàwáì.

Bí a bá wá béèrè ìdí tí Hakes fi gbé ìjà tirẹ̀ sórí ijó, ìdáhùn wà nínú ìtàn gidi. Ní 1830 Kaʻahumanu, tí ó ti gba ẹ̀sìn Kristi, ka hula léèwọ̀ ní gbangba. Ọba Kalākaua, tí ó jọba láti 1874 sí 1891, ni ó dá a padà sí ojú agbo ní ọjọ́ tí wọ́n dé e ládé ní 1883. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni ayẹyẹ Merrie Monarch ti Hilo ń jẹ́, ìdíje ijó sì bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ ní 1971. Aloha Dalire, tí ìyá tirẹ̀ kọ́ ní ijó, ni ó kọ́kọ́ gba adé obìnrin anìkànjó ní ọdún náà. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbà á lẹ́yìn rẹ̀, ní 1991, 1992 àti 1999. Ní Hilo yìí kan náà ni Edith Kanakaʻole, tí ó kọ́ ijó lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ti fi agbo ijó lé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ Pualani àti Nālani lọ́wọ́; ní 2023, ọdún tí ìwé Hula jáde, ìjọba Amẹ́ríkà ya àwòrán rẹ̀ sí ara owó ẹyọ wọn. Nínú irú ìdílé báyìí, ijó ni ìwé ẹ̀rí. Ẹsẹ̀ ọmọ ni ó ń sọ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Agbára tí ó tayọ nínú ìwé Hakes ni ohùn tí ó fi ń ròyìn, nítorí pé ìlú fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní àwa. Ẹnu tí ó ń gbèjà ilẹ̀ Hàwáì lójú àjèjì ni ẹnu tí ó ń sọ̀rọ̀ Hiʻi lẹ́yìn. Òǹkàwé tí ó ti gbádùn kí a kà á mọ́ àwa náà yóò ṣàdédé rí i pé òun náà ti bá wọn wo ọmọdé ní ìwò-kòrọ̀. Àìlera rẹ̀ ni pé ìtàn òfin àti ti ilẹ̀ a máa wúwo lórí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ nígbà mìíràn, tí wọn yóò fi máa sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ó rí ohun kan tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò rí dáadáa: Hiʻi ti gba òfin òyìnbó gbọ́ láìmọ̀. Ó ti gbà pé ọmọ níláti mú ẹ̀rí wá kí a tó lè pè é ní ọmọ. Adé ni ó fẹ́ fi rọ́pò ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, àwọn adájọ́ ìdíje ni ó sì fẹ́ fi rọ́pò òṣìṣẹ́ ìjọba. A kò ní tú àṣírí ìwé náà fún ẹni tí kò tíì kà á, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà ń wá káàkiri wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbé e wọlé.

Bí a bá kó gbogbo àwọn ìwé wọ̀nyí jọ, ìdájọ́ wọn lórí òfin 1921 ṣe ọ̀kan, ó sì tọ́: òfin tí ó ń mú kí ènìyàn máa tán lórí ìwé bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i nínú ilé, a kò ṣe é fún àǹfààní wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa ìyá ni ó jinlẹ̀ jù, òun sì ni a kì í yìn wọ́n fún tó. Ìyá ni wúrà, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé obìnrin Hàwáì wá fi kún un pé wúrà tí a bò mọ́lẹ̀ kò ra nǹkan fún ọmọ. Òṣùwọ̀n ìran dára ju òṣùwọ̀n ẹ̀jẹ̀ lọ, ó láàánú jù ú, ó sì gba ọmọ àgbàtọ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹnu ni ó ń gbé e rìn. Ní ọjọ́ tí Pono pa baba àgbà mọ́, tí Laka kò dárúkọ baba ọmọ, tí Hulali kò jẹ́ kí ọmọ fi ojú kan òun, àwọn fúnra wọn ni ó ṣe iṣẹ́ tí àwọn olóko ìrèké bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ni ó sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ìtìjú tí ilé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ibùdó adẹ́tẹ̀ gbìn sí wọn lára. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan.

Ìwé ìtàn àròsọ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní éékà kan, kò sì lè yọ orúkọ ẹnì kan kúrò nínú àwọn tí ó ń dúró de ilẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni èyí, ọrùn ìjọba ni ó sì gbọ́dọ̀ wà. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn àwọn òǹkọ̀wé tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni láti kọ ìtàn ìyá tí ó sọ̀rọ̀ lásìkò. A ti rí ìyá tí ó pa àṣírí mọ́ títí ọmọ fi dàgbà, a ti rí èyí tí ó sọ ọ́ nígbà tí ó pẹ́. Èyí tí ó jókòó ti ọmọ aláwọ̀ pupa, tí ó ki í láti orísun dé orí rẹ̀, tí ó sì sọ fún un ní ọjọ́ kan náà pé òfin kò ní kà á mọ́ onílẹ̀, kò tíì rí ìwé tirẹ̀ gbà. Ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò ní wá adé kí ó tó mọ ilé, bí ó bá sì dé iwájú ìjọba, ilẹ̀ ni yóò béèrè, kò ní béèrè orúkọ.